Adégòkè Adélabù: Oníṣòwò Kòkó Tí Àwọn Àgbẹ̀ Ìbàdàn Gbé Dé Ipò

Bí ọmọ Ìbàdàn bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti dàrú, tí kò lórí tí kò nídìí, ó lè sọ pé pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́sì ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹnu Alhaji Adégòkè Adélabù ni. Ó lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, peculiar mess, láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alátakò rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbá a mú, wọ́n pè é bí ẹnu wọn ṣe lè pè é, ó sì di orúkọ tí wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ ìwé kan nípa Ìbàdàn, tí ó jáde ní 1994, ọ̀rọ̀ yìí náà ló fi sí orúkọ ìwé rẹ̀.

Lójú tèmi, orúkọ yìí ti bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rántí: àwàdà rẹ̀, èébú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbàgìdìgbagidi rẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé kí ó tó di olóṣèlú, oníṣòwò ni, àti pé òwò tí ó ṣe ni ó jẹ́ kí ó mọ ohun tí ń dun àwọn àgbẹ̀ tó wà ní àwọn abúlé tí a mọ̀ lónìí sí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ló gbé e dé ipò. Nígbà tí ó kú, àwọn náà ni wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ikú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Ìbàdàn. Sanusi Aṣíyanbí ni bàbá rẹ̀, Àwújọlá Àjọkẹ́ sì ni ìyá rẹ̀, ìyàwó kejì nílé bàbá náà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin sì ni ó gbà á tọ́, òun náà ló rí i pé ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí á má gbàgbé bí nǹkan ti rí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Ìbàdàn kò fẹ́ fi ọmọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn yóò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ilé ìwé àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kò sì tíì pọ̀. Ilé ìwé St. David's ti ìjọ CMS ní Kúdẹtì ni Adélabù ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí ti Màpó, ó sì wọ Government College, Ìbàdàn, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1929. Orí rẹ̀ pé. Wọ́n a máa gbé e fo kíláàsì.

Ní 1936, ilé iṣẹ́ UAC fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ òwò ní Yaba Higher College, l'Ékòó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò sí lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà tó ju Yaba lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni yóò sì fi gbogbo ohun tí wọ́n ní du àǹfààní bẹ́ẹ̀. Adélabù kò lò ju bí oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀. Ó ti bá ọ̀gá òyìnbó kan ní UAC sọ̀rọ̀ lórí bí ilé iṣẹ́ náà ṣe lè tún ètò kòkó rírà àti kíkó rẹ̀ ṣe, ọ̀gá náà sì rí i pé ọmọdékùnrin yìí mọ ohun tí ó ń sọ. Ó gbà á síṣẹ́. Báyìí ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún ṣe bọ́ sí ipò tí àwọn aláwọ̀ dúdú díẹ̀ péré tíì dé ní UAC.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbi òwò kòkó yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù ti wá. Àgbẹ̀ tó wà ní abà kò rí òyìnbó. Ẹni tí ó rí ni agbókòkó kékeré tó wá sí abúlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ẹni yìí ń rà fún ẹlòmíràn tó wà ní ìlú, ti ìlú ń rà fún ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC tàbí John Holt, ilé iṣẹ́ náà sì ń kó o lọ sí Èkó fún ọkọ̀ ojú omi. Ní gbogbo ibi tí kòkó bá gbà kọjá ni ẹnì kan ti ń já nínú owó rẹ̀. Ṣáájú ìkórè, nígbà tí ọwọ́ bá há, tí owó-orí tàbí ìnáwó ọdún bá dé, àgbẹ̀ a gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ agbókòkó, kòkó tó ṣì wà lórí igi sì ti di ti ẹlòmíràn. Bí iye tí wọ́n ń ra kòkó bá já lulẹ̀ ní ìlú òyìnbó, àgbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, òun náà ló sì máa gbẹ̀yìn mọ ìdí rẹ̀. Adélabù mọ ìdí rẹ̀. Ó jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò yìí.

Kò pẹ́ tí ó fi UAC sílẹ̀ láti dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Òwò náà kò gbè é. Ní àsìkò ogun Hitler, ó ṣiṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iṣẹ́ tó ń gbé ènìyàn kiri láàárín àwọn tó ń gbin kòkó. Ogun parí, ó padà sí UAC, ó tún kúrò níbẹ̀, ó sì bọ́ sínú òwò aṣọ pẹ̀lú àwọn ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn. Owó wọlé fún un, owó sì jáde. Adélabù kì í ṣe ẹni tí ń tọ́jú owó. Ó máa ń na tọwọ́ rẹ̀, a sì máa yá sí i. Ìwà ọwọ́ lílà yìí ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ló sì padà kó bá a. A óò dé ibẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àwọn abúlé ní àkókò yìí tí àwọn ọmọ ìlú ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ní 1944, wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó ń mú ẹ̀ka àti gbòǹgbò igi wú, tí igi náà yóò sì kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké ló ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn. Kò sí oògùn rẹ̀. Ohun tí ìjọba mọ̀ láti ṣe ni pé kí wọ́n gé igi tó ní àrùn àti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Lójú onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀nà náà tọ̀nà. Lójú àgbẹ̀, igi tó ní àrùn ṣì lè so fún ọdún mélòó kan, èyí tí kò ní àrùn rárá tún wà lára ohun tí wọ́n ń gé, igi tuntun sì gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Kí ni ilé yóò máa jẹ láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máyégún láti fi kọ̀. Gbogbo agbègbè Ìbàdàn dàrú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ìjọba fi dá gígé náà dúró ní 1950. Àwọn àgbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: bí wọ́n bá fi ohùn kan kọ ohun kan, ìjọba lè padà sẹ́yìn. Adélabù náà kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n inú ìlú ni ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Láàárín 1949 sí 1951, ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè Ìbàdàn àti àwọn mọ́gàjí dìde sí Salami Agbájé, Ọ̀tún Balógun, oníṣòwò tó lówó jù lọ nínú àwọn ìjòyè ìlú nígbà náà. Agbájé ti sún mọ́ orí ipò Olúbàdàn, àwọn kan kò sì fẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Wọ́n ní ó ga jù, ó sì ń lo agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń bá a jà nílò ẹni tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀sùn wọn sí ìjọba, Adélabù sì di ọ̀kan lára akọ̀wé wọn. Ìjọba rán òyìnbó kan, Butcher, láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Agbájé kò di Olúbàdàn. Ó kú ní 1953. Mo rò pé ó yẹ kí á sọ ọ́ ní gbangba pé Mùsùlùmí ni Agbájé, Mùsùlùmí náà sì ni Adélabù. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn ìṣèlú Ìbàdàn ní àkókò yẹn bí ẹni pé ìjà ẹ̀sìn ni. Òótọ́ ni pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀ lé Adélabù, nítorí Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tálákà àti àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n owó-orí àti kòkó ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ní 1951 ni ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn wáyé. Adélabù àti àwọn bíi Adísá Akínlóyè dá ẹgbẹ́ Ibadan People's Party sílẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ipò mẹ́fà tí wọ́n fún Ìbàdàn. Kété lẹ́yìn ìdìbò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ẹgbẹ́ Action Group, èyí tí Yorùbá ń pè ní Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Akínlóyè di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Adélabù dúró sínú NCNC ti Nnamdi Azikiwe. Ìdúró rẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni ńlá lójú àwọn ará Ìbàdàn. Lójú wọn, àwọn yòókù ti ta ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé Ìjẹ̀bú ló ni ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òwò sì ti dá ìkùnsínú sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìbàdàn àti àwọn Ìjẹ̀bú tó ń gbé àárín wọn. Adélabù mọ bí a ṣe ń fẹ́ iná yẹn, ó sì fẹ́ ẹ. Èmi kò kà á mọ́ ohun rere tí ó ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìjà àwọn méjèèjì. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti ra kòkó rí ní Ìbàdàn yìí kan náà ní ẹ̀wádún 1930, ó sì ti ní ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò náà dà lé e lórí, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Ìlú Ọba. Oníṣòwò kòkó méjì tí òwò kò gbè ló ń du ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ní 1952, Adélabù kọ ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Africa in Ebullition, lórí òmìnira ilẹ̀ Adúláwọ̀. Azikiwe ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà le koko. Àwọn tó ń dìbò fún un kò lè kà á, kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Nítorí ó ní èdè mìíràn tí ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bíi 1953 sí 1954, ó so ẹgbẹ́ àwọn olówó-orí Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Máyégún ti àwọn àgbẹ̀, ó sì pe àjọṣe náà ní Mábọlájẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má ba ọlá àwọn ìjòyè jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ Ìbàdàn lè má rí ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní oko kì í ṣe ará oko lójú ara rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà nínú ìlú, ní agboolé kan tí mọ́gàjí kan jẹ́ olórí rẹ̀. Oko ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ilé ni ó ti ń ṣe ìgbéyàwó, ilé ni wọ́n ti ń sin òkú rẹ̀, ilé náà ni ó ń bọ̀ nígbà Iléyá àti ọdún ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún mọ́gàjí lónìí nínú ìlú, ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé e dé Lálúpọn, Mọníyà, Ẹgbẹ́dá àti Akanrán kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ lórí ìwé. Adélabù lo ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà àwọn jagunjagun.

Ohun tí ó sì bá wọn sọ ni owó-orí. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti fi owó kún owó-orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àkódà ń lọ sí abúlé, wọ́n ń wá àwọn tí kò san. Ẹni tó wà ní abà kò rí omi ẹ̀rọ, kò rí iná, kò rí ọ̀nà tó dára, ó sì ń gbọ́ pé inú ìlú ni wọ́n ti ń ná owó náà. Adélabù sọ fún wọn pé òun yóò gbà wọ́n. Lórí èyí, àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n òun kò sọ gbogbo òtítọ́ fún wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ó gbé ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn àgbẹ̀ yìí kan náà dé ilé ìwé. Ọmọ tí aáyan ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi sí ilé ìwé yẹ kí ó mọ iye tí ẹ̀kọ́ jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdìbò ti sún mọ́lé.

Ọdún 1954 ni ọdún rẹ̀. Mábọlájẹ́ àti NCNC gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, ìyẹn Ibadan District Council, tí agbára rẹ̀ ká ìlú àti gbogbo abúlé tó yí i ká, Adélabù sì di alága rẹ̀. Ìka ènìyàn ọdún 1952 ti kà tó 459,196 ènìyàn nínú ìlú Ìbàdàn nìkan. Kò sí ìlú tó tóbi tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Ní òpin ọdún kan náà, ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Èkó wáyé. Nínú ipò 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC gba 23. Nílé Awólọ́wọ̀ gan-an ni wọ́n ti na ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Adélabù di mínísítà ohun àlùmọ́nì àti ìgbáyégbádùn àwùjọ ní ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni.

Kò fi ipò alága ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ó jẹ́ mínísítà níbẹ̀, ó jẹ́ alága níhìn-ín. Kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí dáadáa. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé wọ́n ń fi iṣẹ́ àti kọ́ńtírákítì ìgbìmọ̀ ṣe ojúsàájú, pé wọ́n ń gba rìbá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan òyìnbó kan, Nicholson, láti wádìí. Ìròyìn rẹ̀, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, le púpọ̀ fún ìgbìmọ̀ náà àti fún alága rẹ̀. Adélabù fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ìjọba tú ìgbìmọ̀ ìlú náà ká.

Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ní ọ̀tá ló dẹ pàkúté fún un, nítorí ìjọba Action Group ló yan ìgbìmọ̀ ìwádìí náà, àwọn ló sì máa jàǹfààní bí ó bá ṣubú. Òtítọ́ wà nínú èyí. Òtítọ́ tún wà nínú ohun tí ìwádìí náà rí. Oníṣòwò tó ti mọ́ lára láti fi owó ọ̀la ṣe ìnáwó òní, tó ń fi oore di ọ̀rẹ́ mú, yóò ṣòro fún un láti jókòó ti àpò owó ìlú kí ó má fọwọ́ kàn án bí ó ṣe ń fọwọ́ kan tirẹ̀. Owó ìlú yẹn náà ni owó-orí àwọn àgbẹ̀ tí ó ní òun ń gbèjà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn àgbẹ̀ náà kò fi í sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn Nicholson, ìdìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn wáyé. Adélabù ló ṣáájú NCNC. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọlé, òun ni yóò di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dìbò fún un ní Ìbàdàn bíi pé kò sí ìwádìí kankan rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba ipò 48 nínú 80, NCNC gba 32. Adélabù di olórí alátakò ní ilé aṣòfin. Ó ń bá Awólọ́wọ̀ fa ọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ láti lọ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ní 1957, Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀, Mábọlájẹ́ ń bèèrè pé kí wọ́n yọ agbègbè Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n sì fún wọn ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá dé ní 1976, ọ̀nà mìíràn ni ó sì gbà wá.

Adélabù kò rówó oṣù mínísítà mọ́. Gbèsè wà, ìdílé rẹ̀ tóbi, àwọn tó ń wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò dínkù. Ó padà sídìí òwò. Èyí ló gbé e lọ sí Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1958, òun àti oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kan, nítorí òwò aṣọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, ni wọ́n ń padà bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ààwẹ̀ Rámádánì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ní ẹ̀bá Òde-Rẹ́mọ, ní máìlì 51 ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ wọn àti ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ níwájú kọ lu ara wọn. Adélabù kú níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Òkè-Olúokùn, èrò tó wá síbẹ̀ kò lóǹkà. Kí wọ́n tó sin ín tán ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu pé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló pa á. Ọlọ́pẹ ni wọ́n ń pe Action Group, nítorí igi ọ̀pẹ ni àmì ìdìbò wọn, bí àkùkọ ti jẹ́ àmì NCNC. Ọkọ̀ tó kọ lu ọkọ̀ ni, ní ojú ọ̀nà tóóró tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá wọn ti ń bá ìjọba jà láti ọdún méje, ó lọ sí Èkó láàyè, òkú rẹ̀ ló padà dé, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ tó jẹ́ ilẹ̀ Awólọ́wọ̀ sì ni ibi tí ó kú sí. Lójú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, kò tún sí ẹ̀rí mìíràn tí wọ́n ń wá.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú, ó sì gba ọ̀nà tí ìròyìn Mábọlájẹ́ máa ń gbà lọ sí oko. Wọ́n sun ilé àti ọkọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ sí Ọlọ́pẹ. Ní àwọn abúlé, wọ́n dojú kọ àwọn agbowó-orí, wọ́n sì pa nínú wọn. Àwọn tí wọ́n pa náà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí, nínú oṣù ààwẹ̀. Kí a bá ọ̀rọ̀ yìí lọ tààrà: kò sí ìfẹ́ Adélabù tó lè sọ ìyẹn di ohun tó tọ́. Ọlọ́pàá wọ inú oko. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìkórè kòkó ọdún yẹn bá àwọn abà kan tí ọkùnrin wọn wà ní àhámọ́, tí àwọn obìnrin sì ń ná owó kòkó lórí agbẹjọ́rò. Àwọn olórí òṣèlú tó ń sọ̀rọ̀ gíga ní ìlú kò sí nínú wọn.

Mábọlájẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè dúró lẹ́yìn ẹni tó dá a sílẹ̀. Adéoyè Adísá fà á síhìn-ín, Mojid Agbájé fà á sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Salami Agbájé ni Mojid yìí, agbẹjọ́rò, ọmọ ọkùnrin tí Adélabù fi kálàmù bá jà nígbà tí ó ń wá orúkọ. Ó ti wọ inú ẹgbẹ́ Adélabù tipẹ́. Àwọn ìdìbò tó tẹ̀ lé e bá wọn nínú ìyapa, Action Group sì rí ọ̀nà wọlé sí Ìbàdàn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni orúkọ Adélabù tún padà sí ẹnu àwọn olóṣèlú, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Adébáyọ̀ Adélabù, tó jẹ́ igbákejì gómìnà ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ rí, díje fún ipò gómìnà Ọ̀yọ́, tó sì di mínísítà iná mànàmáná ní 2023.

Ṣùgbọ́n ní oko, owó-orí kò kúrò nílẹ̀. Ní 1968, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú Adélabù, àwọn àgbẹ̀ tún dìde nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kòyà. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, kò sì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n lè rán níṣẹ́. Akanrán, tó wà ní Ọ̀nà-Àrà òní, wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù, Tàfá Adéoyè sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ kò yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wọn: owó-orí pọ̀ jù, owó kòkó kéré jù, ọ̀nà kò sí, àkódà ń fìyà jẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún kú. Ní 1969, ẹni tó lọ bá àwọn àgbẹ̀ náà nínú oko, tó jókòó bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀, tí ìjọba fi dín owó-orí náà kù, ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.